Ẹni Tí Kò Kí Alhaji Kò Ní í Gbọ́

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè jókòó sórí ẹní láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀ kí ẹ̀yìn má ro mí, àpò ni mo ń rán jẹun. Àpò ìdọ̀họ. Níbí náà ni, ní Bouaké yìí, lẹ́yìn ọjà ńlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpò yẹn ló bọ́ bàbá yín, òun ló rán an lọ sílé ìwé. Ẹ wo àtàǹpàkò mi. Ṣé ẹ rí ojú ibẹ̀ tó le bí ìkarahun? Abẹ́rẹ́ ńlá ló ṣe é.

Mulíkátù, ìwọ ni mo ń bá wí jù. Wọ́n ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, níbi iṣẹ́. Ó dáa. Ọlọ́run gbọ́ àdúà wa. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. O ní, "Ṣebí mo ti sọ ọ́? Ẹni tí kò bá gbọ́, ara rẹ̀ ló mọ̀." Etí mi ta. Mo ní há! Alhaji Làsísì ti jí dìde, inú ilé mi ló sì jí sí.

Ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Ayé ìgbà náà le. Wọ́n ti gé owó sẹ́fà sí méjì, ohun tí a rà lánàá, a ò lè rà á lónìí. Àwọn olówùú, àwọn alágbàdo, kò sí ẹni tó lágbára àpò tuntun mọ́. Àpò tó ti ya ni gbogbo wọn ń kó wá, kí a bá wọn lẹ̀ ẹ́, kí a bá wọn rán ìdí rẹ̀. Ìyà tó ń jẹ gbogbo ìlú ló ń bọ́ àwa. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ni wá lórí ẹní, obìnrin gbogbo wa.

Ohun kejì tó le ni ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò. Rédíò ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́. Ivoirité ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé obìnrin tó ti ń ta ata fún mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó dé ìlú yìí wò mí lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Anago, ìgbà wo lẹ tiẹ̀ ń lọ ná?" Anago ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí. Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún síbí! Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì. Bí o kò bá ní in, wọ́n á dá ọ dúró nídìí bárìẹ̀, igi tí wọ́n fi ń dí títì, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú gbogbo èrò. Ẹ̀yin ò bá a. Ẹ dúpẹ́.

Ọ̀gá wa ni Alhaji Làsísì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ọlọ́run forí jì í. N ò ní í purọ́ mọ́ òkú. Kì í jalè, kì í bú èèyàn, bí ọjọ́ owó bá pé á san án. Àléébù ẹyọ kan ló ní, ẹyọ kan náà sì tó mẹ́wàá. Kì í bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ á pa dé bí ẹnu àpò tí a ti rán. Ó ní ọ̀gá tó bá ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ láàárín ìdọ̀họ, iyì rẹ̀ ń jò ni. Iyì! Iyì bí omi inú apẹ̀rẹ̀.

Níbo ló wá ti ń sọ̀rọ̀? Ilé rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ níbi iṣẹ́, o máa lọ kí i nílé, o máa kúnlẹ̀, o máa ní, "Alhaji, ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa?" Nígbà náà ni Alhaji á wúkọ́, á wá máa já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. "Àwọn olówùú ń bọ̀ lọ́la." "Okùn pupa yẹn kò dáa, ẹ má lò ó mọ́." Ó parí nìyẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò wá kí Alhaji ni, kí ló fẹ́ gbọ́?

Àwọn mẹ́jọ ló ń lọ. Ilé wọn sún mọ́ tirẹ̀. Àwa mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Èmi láti àdúgbò Nimbo lọ́hùn-ún ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ṣé kí n fi ọmọ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, kí n lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji, kí n tó wá jókòó ti ìdọ̀họ? Àwọn onígbàgbọ́ méjì wà láàárín wa tí wọ́n máa ń lọ ṣàdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àkísí náà sì wà, ọmọ Bàùlé, ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lórí ẹní wa. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ wà. Ìgbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un lédè Júlà, èdè ọjà ìlú yìí, ó ní, "Ṣé ọba ni ọ̀gá yín ni?" Mo ní rárá, àpò ló ń bá èèyàn rán. Ó rẹ́rìn-ín títí okùn fi yọ lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Yísà ni ó ń bójú tó iṣẹ́. Ẹnu Alhaji là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé Alhaji, á fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí obì, á máa jẹ ẹ́ lóun nìkan. Bí a bá bi í pé, "Bọ̀dá Yísà, kí ni Alhaji wí lónìí?" á ní, "Ẹ̀yin ò ṣe wá?" Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni o! Ọ̀rọ̀ okùn, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́! Wọ́n sọ ọ́ di ẹran iléyá tí èèyàn ń fún ẹni tó bá wù ú.

Oníbàárà kan wá láti Djébonoua. Àgbàdo ló fẹ́ kó sínú àpò. Ó ní kí a rán ìdí àpò ní ìlọ́po méjì. Alhaji sọ bẹ́ẹ̀ nílé, lórí ẹní ìrun rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ rán ìlọ́po méjì. Àwa mẹ́jọ rán ẹyọ kan bí a ṣe máa ń rán an. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ lọ́wọ́ ni ìdí àpò ń já. Àgbàdo dà sí títì bí òjò yìnyín. Gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ṣọdún.

Yísà dé, ó na ìka. "Alhaji ní ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo ní, "Níbo la ti fẹ́ gbọ́?"

"Ìyá Ràfíù, ẹnu yín ti ń mú jù."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn ewúrẹ́, Bọ̀dá Yísà. Ó jọ pé wọ́n kí Alhaji láàárọ̀. Wọ́n gbọ́ ṣáájú wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaji wà lórí àga, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí wa. Kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ yẹn ni Àkísí dá ìmọ̀ràn kan. Ó ní kí ẹni tó bá gbọ́ nǹkan dìde láàárín ẹní láàárọ̀, kó sọ ọ́ sókè lédè Júlà tí gbogbo wa gbọ́, kí ẹni tí kò yé bèèrè, ká tó fi okùn sójú abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dáa, àbí? Ìyá Sáfú, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kí Alhaji, pòṣé. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí Àkísí má gbọ́. Ó ní, "Onílẹ̀ ló fẹ́ wá máa darí wa níbí báyìí? Ẹ ṣọ́ ẹnu yín lójú ẹ̀ o." Ẹ gbọ́... Wọ́n ń lé wa nígboro nítorí pé a jẹ́ àlejò. Àwa náà wá jókòó sórí ẹní, à ń lé ẹnì kan ṣoṣo tí kò lé wa. Ìwà òmùgọ̀ kò ní ìlú tó ti wá. Kò nílò káàdì.

Ṣìfáwù ló ń jókòó tì mí. Ẹ̀rín ẹ̀ ń yá. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ ẹ̀ àgbà, Kàbírù, wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀ ní Nimbo, ìtòsí ilé mi. Ọkọ ẹ̀ ń ti ọmọlanke lọ́jà. Bouaké ni wọ́n bí Ṣìfáwù sí. Ẹ fetí sí i dáadáa. Níbí ni wọ́n bí i sí, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, orúkọ ìlú yẹn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Anago ni, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì, káàdì ẹ̀ sì ti ń parí lọ. Bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa ń rán lọ sí Brobo lọ́jọ́ ọjà láti lọ kó àpò yíya lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Bárìẹ̀ méjì ló wà lọ́nà. Bí ó bá ti fẹ́ lọ, á fi káàdì han èmi, á ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ṣì ń mí?" A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀rù ni.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan. Ṣìfáwù ti lọ sí Brobo láti ìdájí, ibẹ̀ ni ó máa sùn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa padà. Lọ́sàn-án, Àkísí jáde lọ ra oúnjẹ. Ìgbà tó dé, kò jókòó. Ó wò wá.

Ó ní, "Ẹ̀yin Anago, ẹ ṣì jókòó?"

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní ọkùnrin kan láti abúlé wọn tó ń ṣọ́nà ní ọ́fíìsì káàdì ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí ọ̀gá ẹ̀ kọ lẹ́tà fún un, kí onítọ̀hún mú lẹ́tà náà wá fúnra ẹ̀, kó tẹ̀ka, wọ́n á tún káàdì ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, tí ó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, ó parí. Wọn ò ní í gba lẹ́tà ọ̀gá mọ́. Olúkúlùkù á máa wá ìwé ọjọ́ ìbí àti oríṣiríṣi ìwé kiri. Èwo nínú wa ló ní ìwé ọjọ́ ìbí?

Mo gbójú sókè. Àwọn mẹ́jọ tó ń kí Alhaji tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ìyá Sáfú. Ẹ mọ̀?"

Ó ní, "Àbí ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Àwa ti gba tiwa lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá! Ẹni tó ń yá mi lókùn. Ẹni tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ó jókòó tì mí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sọ fún mi pé ẹja ti wọ́n, pé òjò máa rọ̀. Kò sọ èyí.

Mo dìde, mo tọ Yísà lọ. "Bọ̀dá Yísà, lẹ́tà káàdì dà?" Ó fa àpótí tábìlì ẹ̀ yọ. Lẹ́tà wà níbẹ̀, kí ẹ mọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Orúkọ mi wà lórí ọ̀kan. Ti Ṣìfáwù wà níbẹ̀. Ti gbogbo wa.

Mo ní, "Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti wà níbí?"

Ó ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Kí ló dé tí ẹ ò fún wa?"

Ẹ gbọ́ èsì o. Ó ní, "Alhaji ní kí n fún ẹni tó bá bèèrè."

Ẹni tó bá bèèrè! Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàwé, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Báwo lèèyàn ṣe ń bèèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà?

Alhaji ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí àga. Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ìbínú kò sọ pé kí èèyàn dúró gbagidi síwájú àgbà. Mo ní, "Alhaji, ẹ ò sọ fún wa."

Ó wo òkè orí mi kọjá. Ó ní, "Yísà, sọ fún un pé mo ti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, nílé mi, lórí ẹní mi. Ẹni tí kò wá kí mi, ṣé èmi ni n ó máa lọ kí i kiri Nimbo?"

Yísà kọjú sí mi. Ó ní, "Alhaji ní àwọn ti sọ ọ́."

Bí ẹni pé mo dití! Ẹ̀yin, mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yìí, mo ń gbọ́ òórùn tùràrí lára aṣọ ẹ̀, Yísà wá ń túmọ̀ Yorùbá sí Yorùbá fún mi. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Alhaji ò purọ́. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Lójú tiẹ̀, ó ti ṣe ti ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu ẹ̀, ó sì gbà pé ó ti dé etí gbogbo ayé, bí ẹni tó ju òkò sínú igbó tó ní òun ti pa ẹran.

A gba lẹ́tà wa. Mo gba ti Ṣìfáwù mọ́ ọn. Báwo la ṣe máa ké sí i? Ẹ̀yin lónìí, ẹ ó kàn tẹ fóònù. Kò sí ìyẹn. Mo sáré lọ sí ibùdókọ̀, mo bá ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Brobo, ó ti kún, awakọ̀ ti ń kanra. Èmi ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn èrò ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, èèyàn kì í dárúkọ káàdì nínú ọkọ̀. Ta lo mọ̀? Ta ló máa sọ nídìí bárìẹ̀ pé obìnrin Anago kan wà ní Brobo tí káàdì ẹ̀ ń kú lọ? Ẹ̀rù ti sọ gbogbo wa di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú. Mo wá fa awakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Ẹ bá mi wá Ṣìfáwù, obìnrin tó ń kó àpò. Ẹ ní wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Kó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Kó má dúró rárá."

Awakọ̀ ní, "Bó bá bèèrè ńkọ́? Kí ni kí n ní ó ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà ní kó máa bọ̀ nílé. Ó máa yé e."

Mulíkátù, kí ló dé tó o dijú? Ó ti yé ọ, àbí? O mọ ohun tí mo ṣe.

Èmi Ìyá Ràfíù, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá wa kú. Ìgbà wo ni wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn pé "máa bọ̀ nílé," tí kò sọ ìdí ẹ̀, tó délé bá àsè? A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. A ó ní kó máa bọ̀ ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnu èmi náà ló ti jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ti wà lẹ́nu ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwa mẹ́fà, Àkísí ṣe ìkeje. Òun ò nílò káàdì, ó fi iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀ ni, ó ní òun máa di àyè mú fún Ṣìfáwù lórí ìlà. Ó dúró síbẹ̀ láàárín àwọn àlejò, oòrùn ń pa á. Àwọn kan ń wò ó, wọ́n ní kí lọmọ onílẹ̀ ń wá níbí. Ó ní, "Àpò ni mò ń rán."

Wọ́n gba tèmi. Wọ́n gba ti àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Ṣìfáwù. Àkísí na lẹ́tà sí akọ̀wé, ó fi èdè Bàùlé bẹ̀ ẹ́, ó ní onílẹ́tà wà lọ́nà. Akọ̀wé ní òun ò lè fi ìka ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́. Kò bú wa. Ó fi lẹ́tà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun á dúró títí di aago méjìlá. A ń wo ojú ọ̀nà, mo ti rò pé ibi iṣẹ́ ni á kọ́kọ́ yà, kí wọ́n júwe wa fún un. Ọkọ̀ Brobo ti máa ń dé ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́wàá lù. Mọ́kànlá. Mo ní bóyá awakọ̀ ò rí i ni.

Ó rí i. Ó jíṣẹ́ bí mo ṣe rán an. Ṣìfáwù dé Bouaké ní aago mẹ́sàn-án gééré. Àkókò wà! Ó kù díẹ̀ kó gba iwájú ọ́fíìsì kọjá. Ṣùgbọ́n ilé ni a ní kó máa bọ̀, ilé náà ló lọ. Láti orí ọkọ̀ ló ti tú gèlè. Ó ti ń ké ní ìyànà Nimbo, "Ta ni? Kàbírù ni àbí Màmá?" Ìyá ọkọ ẹ̀ gbọ́ igbe nínú ilé, òun náà rò pé Ṣìfáwù ló mú ìròyìn òkú wá, pé ọkọ̀ ọjà ti pa ọmọ òun. Ó gbé igbe tiẹ̀. Àwọn aládùúgbò ya dé. Kàbírù jáde síta, búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n. Ṣìfáwù rí i, ó ṣubú lulẹ̀. Ìgbà tó dìde, ó ní bí kì í bá ṣe Kàbírù, tí kì í bá ṣe Màmá, ọkọ òun ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí pé èmi ò yà lọ́dọ̀ wọn láti sọ ohun tí mo torí ẹ̀ pè é. Ó sáré lọ sọ́jà. Ó ń wá ọmọlanke láàárín ọmọlanke. Ìgbà tó rí ọkọ ẹ̀ lóòyè, àwọn méjèèjì ò mọ ẹni tó kú mọ́, wọ́n bá sáré wá síbi iṣẹ́. Ìyá Sáfú ló ní, "Kò sẹ́ni tó kú, ọ́fíìsì káàdì ni wọ́n wà."

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn nígbà tó dé. Irun ẹ̀ ti tú, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń ké.

Ó ní, "Ìyá Ràfíù, ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé?"

Mo na lẹ́tà sí i. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ó di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo rán lọ sí Brobo, nígbà tó dénú Ṣìfáwù ó di odidi òkú. Àkísí ò lo òwe. Ó kàn bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Kí ló dé tó ò ní kó mú káàdì ẹ̀ bọ̀?" Bàùlé ò mọ̀ pé "máa bọ̀ nílé" lè pa èèyàn. Àwa la mọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a débi iṣẹ́, a jókòó, a ò mú abẹ́rẹ́. Àwa nìkan kọ́ o. Mẹ́fà nínú àwọn tó ń kí Alhaji dara pọ̀ mọ́ wa, ojú ń tì wọ́n. Àwọn olówùú ń dúró de àpò. Yísà ń sá lọ sá bọ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé. A ní ẹnu Alhaji fúnra ẹ̀ la fẹ́ gbọ́. Ó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé, ìṣísẹ̀ mẹ́fà! Ó ka tẹ̀sùbáà títí. Nígbà tó yá, ó wúkọ́.

Ó ní, "Yísà, sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má bínú."

Yísà ní, "Alhaji ní kí ẹ má bínú."

Àkísí ní, "Kí ló wí?" Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ta ló ní ká má bínú, ọkùnrin yẹn ni àbí àga tó jókòó lé?"

Ẹ̀rín bú. Ṣìfáwù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Yísà ti ń dìde láàárọ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sókè láàárín ẹní lédè Júlà. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín ẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Ó ti dáa. Ta ló dáa fún? Kò dáa fún ẹni tó san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Ṣìfáwù tún gbìyànjú Brobo lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nídìí bárìẹ̀ pẹ̀lú ìdì àpò ẹ̀, oòrùn lù ú títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá tún rí i, àwọn ò ní í fi mọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí tí ọ́fíìsì ń bèèrè, kò sí. Ìyá tó bí i ti kú, ilé tí wọ́n bí i sí ti wó. Ọkọ ẹ̀ wá ní kó kó àwọn ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ná, kí ìlú tòrò. Obìnrin tí kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́! Wọ́n ní kó padà sí ibi tí kò tíì lọ rí.

A sin ín débi ọkọ̀. Àkísí gbé Kàbírù. Alhaji rán Yísà wá pé kó bá òun kí i, ó dìgbóṣe. Ẹ ò ní í rẹ́rìn-ín?

Mo ti ń sunkún. Ṣìfáwù ò sunkún. Ó tún ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ máa kọ lẹ́tà sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá kú, ẹ kọ ọ́ pé ó kú. Bí kò bá sẹ́ni tó kú, ẹ kọ́kọ́ kọ ìyẹn ná, kí n tó máa ka ìyókù."

Ọkọ̀ gbéra.

Mo ti dárúkọ Alhaji fún yín títí, mo ti fi í ṣẹ̀sín. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mi ò mọ ẹni tó rán iṣẹ́ sí Brobo.

Ayé ti yí. Fóònù ń dún lápò gbogbo èèyàn, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ariwo ò jẹ́ kí n sùn. Síbẹ̀, ẹni tí wọn ò sọ fún ò dín kù láyé, èmi ò rí i pé ó dín kù... Mulíkátù, bó o bá débi iṣẹ́ lọ́la, má bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa ní òun gbọ́. Wò yíká, kó o mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òun ni kó o dìde lọ bá. Kó o jókòó tì í, kó o sọ odidi ẹ̀ fún un.